Ṣé olùwádìí ìjọba tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ pa ẹnu mọ́ nítorí lẹ́tà?

Ọlọ́fìn_tótó:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ Robert Mueller ni mo fẹ́ ká tú wò. Lọ́jọ́ 22 oṣù Keje 2019, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó jókòó níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ kọ lẹ́tà sí i pé ẹ̀rí rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ohun tí aráyé ti rí nínú ìwé olójú-ewé 448 tó kọ lórí bí Rọ́ṣíà ṣe tọwọ́ bọ ìbò 2016. Bẹ́ẹ̀, láti ìparí oṣù Kárùn-ún ló ti kéde pé òun ń fiṣẹ́ sílẹ̀. Jerrold Nadler tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìdájọ́ nílé aṣojú-ṣòfin nígbà náà sọ pé kò pọn dandan kó tẹ̀ lé e, pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn mọ́. Ta ló jàre? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni lọ́yà irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí lẹ máa ní kó ṣe?

Akọ̀wé_Kóòtù:
Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó mọ ọgbà tó yí ẹnu ẹlẹ́rìí ká, torí ọgbà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó lè ṣí i.

Òfin ló mọ ti grand jury. Òfin 6(e) nínú ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀ sọ pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níwájú àwọn ará ìlú tí ń gbọ́ ẹ̀sùn ní bòókẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ ti ẹnu agbẹjọ́rò ìjọba jáde. Ìyẹn ò mọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ti kúrò. Àfi àwọn ọ̀nà tí òfin náà fúnra rẹ̀ kà sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2019, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Washington sọ nínú ẹjọ́ McKeever àti Barr pé adájọ́ pàápàá kò lè hùmọ̀ ọ̀nà mìíràn kún un. (Ẹlẹ́rìí tó wọlé lọ rò tẹnu rẹ̀ ní tiẹ̀ lómìnira láti sọ ohun tó sọ níbẹ̀. Àwọn èèyàn kì í sábà rántí èyí.)

Ọgbà kejì ni àṣẹ adájọ́. Ìdí tí Jack Smith, olùwádìí pàtàkì tó wádìí Trump, fi ń yẹra fún apá kejì ìwé rẹ̀ nígbà tí àwọn aṣòfin pè é ní oṣù Kejìlá 2025 ni pé Adájọ́ Aileen Cannon ti fòfin de apá yẹn láti oṣù Kìíní ọdún náà. Ẹni tó bá tàpá sí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń fa ìbínú kóòtù.

Èyí tí wọ́n fi de Mueller ni ìlànà ilé-iṣẹ́, ibẹ̀ ni ìjà wà. Nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni 28 CFR 16.21 dé 16.29, Touhy ni àwọn lọ́yà ń pè é. Orúkọ ẹlẹ́wọ̀n kan ní Illinois tó ń wá ìwé FBI nìyẹn. Ọ̀gá FBI tí wọ́n pè kọ̀, ó ní Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba ló pàṣẹ, kóòtù sì fẹ́ fìyà jẹ ẹ́. Ní 1951, Kóòtù Gíga Jùlọ ní kò sí ìyà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹjọ́ náà yanjú kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé àṣẹ ọ̀gá kò jẹ̀bi. Kò sọ pé ọ̀gá lè jókòó lé ẹ̀rí títí láé. Abala 16.22 dárúkọ òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀ rí ketekete o, nítorí náà ẹni tó ní “ó ti kúrò, ó ti parí” kò tíì kà á. Àmọ́ ẹ wo gbogbo abala mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ẹ ò ní rí ìyà kankan fún ẹni tí wọn ò lè lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ìbéèrè tó ń ti kóòtù wá ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ kọ ọ́. Ti ilé aṣòfin, ìdúnàádúrà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é.

Lọ́yà_Kékeré:
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mo gbà, àmọ́ ẹ sọ ọ́ bíi pé lẹ́tà náà ò léyín. Eyín rẹ̀ wà níbòmíràn. Lọ́yà ni Mueller, ìjọba sì ni oníbàárà rẹ̀. Àṣírí oníbàárà kì í tán lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá tán, ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò lè pè é lẹ́jọ́ kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ní FBI ti buwọ́ lu ìwé FD-291, àdéhùn pé òun ò ní tú àṣírí iṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ 2019, olùbẹ̀wò àgbà ilé-iṣẹ́ náà sọ pé James Comey, ọ̀gá àgbà FBI tẹ́lẹ̀ rí, rú àdéhùn yẹn nítorí àwọn ìwé ìrántí tó mú dání nígbà tí wọ́n lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ti CIA le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 1980, Frank Snepp pàdánù gbogbo èrè ìwé rẹ̀ nítorí pé kò kọ́kọ́ gbé e fún wọn yẹ̀ wò.

Ohun kan tún wà: Mueller fúnra rẹ̀ ló béèrè lẹ́tà náà, lọ́jọ́ 10 oṣù Keje. Ọgbọ́n ni. Ẹni tó bá kọ ìpè ilé aṣòfin lè fi oṣù kan sí méjìlá jura lẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n láti 1984 ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń sọ pé àwọn ò ní gbé òṣìṣẹ́ tó dákẹ́ nítorí ẹ̀tọ́ àṣírí ààrẹ lọ sí kóòtù. Ibi tí lẹ́tà yẹn ti tẹ̀ ni pé kì í ṣe ààrẹ fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Igbákejì kan lábẹ́ ilé-iṣẹ́, Bradley Weinsheimer, ló kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ náà wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ yẹn.

Ìyá_Ejìrẹ́:
Ẹ jẹ́ ká wá síbi iṣẹ́. Bí mo bá ń múra ẹlẹ́rìí sílẹ̀, kó kọ̀wé béèrè ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kó to àwọn kókó tí wọ́n máa bi í lọ́kọ̀ọ̀kan, kó ní kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi de ìkọ̀ọ̀kan: ṣé grand jury ni, àbí ẹjọ́ tó ń lọ lọ́wọ́, àbí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ inú ọ́fíìsì? “Ẹ má kọjá inú ìwé” nìkan kò wúlò. Lórí àga, kó má sọ “mi ò lè dáhùn” kó sì dákẹ́. Kó sọ ìdí, kí alága lè pinnu.

Ọgbà tí kò ṣe kedere máa ń mú kí ẹlẹ́rìí kọsẹ̀ nínú rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ 24, aṣòfin Ted Lieu bi Mueller bóyá èrò àwọn lọ́yà ilé-iṣẹ́ pé a kì í fẹ̀sùn kan ààrẹ tó wà lórí oyè ni kò jẹ́ kó fẹ̀sùn kan Trump. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́sàn-án, kó tó dáhùn ìbéèrè kankan, ó tún un ṣe: wọn ò tilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti máa pinnu bóyá ààrẹ ṣẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ni gbólóhùn kan fi ń káàkiri kí àtúnṣe tó lé e bá.

Àwọn aṣòfin náà gbọ́n. Wọ́n ń ka ìlà ìwé rẹ̀ sókè, wọ́n á ní “Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?” Ohun tó wà nínú ọgbà ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n gbé.

Ọlọ́fìn_tótó:
Ẹ ṣeun, mà. Ká ní ilé-iṣẹ́ ò fẹ́ kó sọ̀rọ̀ rárá ńkọ́?

Akọ̀wé_Kóòtù:
Àfi kí wọ́n gba àṣẹ ìdádúró ní kóòtù kó tó yanu. Wọn ò wá a. Ọwọ́ ẹni tó wà nípò ni kọ́kọ́rọ́ sì wà: ní oṣù Keje 2021, Weinsheimer yìí kan náà ló buwọ́ lu lẹ́tà tó jẹ́ kí Jeffrey Rosen, adelé Agbẹjọ́rò Àgbà tẹ́lẹ̀ rí, àtàwọn yòókù tí wọ́n bá Trump ṣiṣẹ́ sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa bó ṣe fẹ́ yí ìbò 2020 padà. Lọ́yà Trump kọ̀wé pé àwọn ò fara mọ́ ọn, àmọ́ wọn ò gbé ẹjọ́ lọ. Rosen jókòó níwájú àwọn aṣòfin àgbà ní oṣù Kẹjọ.