Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi: ìka mi ti wọlé o!

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo padà wá jábọ̀. Ẹ rántí pé mo ké síta níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹ̀rọ ò ka ìka mi nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀gẹ́ tí èmi àti màámi ń bó fún gàrí ló sọ àtàǹpàkò mi di gbàgìdì. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí: mi ò fọwọ́ kan ọ̀bẹ fọ́jọ́ mẹ́rin, mo ń fi òrí pa á lálaalẹ́. Láàárọ̀ àná, mo fomi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló wọlé! Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kà, mo ti yan Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Màámi ti tọ́jú ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún mi sínú àpótí aṣọ wọn. Ẹ ṣeun gan-an ni.