Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ oògùn lọ́wọ́ mi: ṣé sátífíkéètì Maryland ò já mọ́ nǹkan kan ní Texas ni?

Abíléko Houston: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn, inú ń bí mi débi pé n ò rí oorun sùn. Maryland la ti kó wá sí Houston nítorí iṣẹ́ ọkọ mi. Mo ti ń fún àwọn àgbà ní oògùn tipẹ́ kí n tó débí, sátífíkéètì mi sì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ló ni ilé ìtọ́jú àgbà tí mo wà, nítorí sátífíkéètì yẹn ló sì fi gbà mí. Èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Èmi ni mo mọ bàbá tí kì í jẹun bí rédíò ò bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n á pè mí, n ó sì lọ. Àfi bí ọ̀gá ṣe dìde lójú gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ oògùn mọ́, pé sátífíkéètì mi ò wúlò ní Texas. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí wọ́n mú olè. Ó dín wákàtí iṣẹ́ mi kù, owó mi náà sì dín kù. Bó bá wọlé báyìí, kì í dáhùn ìkíni mi. Ṣé òfin ló sọ bẹ́ẹ̀ ni, àbí obìnrin yìí kàn kórìíra mi?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwa náà la máa ń fìyà jẹ ara wa jù nílẹ̀ yìí. Èmi náà bá ará ìlú mi ṣiṣẹ́ rí, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Kérésì, kò fi kọ́bọ̀ kún owó mi. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Dallas: Ẹ má bínú, ẹ ò tíì sọ ohun tó yẹ ká mọ̀. CMT (Certified Medication Technician) ni sátífíkéètì yín àbí CMA (Certified Medicine Aide)? Nursing home tí nọ́ọ̀sì ti ń tọ́jú àgbà ni, àbí assisted living, ilé tí wọ́n ti kàn ń ran àgbà lọ́wọ́? Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀ lórí èyí. Ní Texas, HHSC, àjọ ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ náà, ló ń fúnni ní páàmíìtì láti máa fún àgbà ní oògùn. Wákàtí 140 ni ẹ̀kọ́ rẹ̀, 100 nínú kíláàsì, ìyókù jẹ́ ìdánrawò, lẹ́yìn náà ẹ ó ṣe ìdánwò. Ọdọọdún là ń sọ ọ́ dọ̀tun, a ó sì ṣe wákàtí 7 ẹ̀kọ́ àfikún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Maryland: Tó bá jẹ́ CMT ni, wákàtí 20 péré ni tiwa. Ìdí tó fi kúrú ni pé abẹ́ nọ́ọ̀sì kan pàtó lẹ ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló fi iṣẹ́ náà lé yín lọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ máa wá wo àwọn àgbà náà, ó pẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 45. Ẹ kó kúrò ní Maryland, nọ́ọ̀sì yẹn ò bá yín kó.

Abíléko Houston: CMT ni, assisted living sì ni. Ṣé wákàtí ló ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ ni? Mo mọ oògùn ju ọmọ tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ náà fún lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ!

Bọ̀dá Leeds: Ní England níbí, kò sí páàmíìtì ìjọba fún èyí. Ilé ìtọ́jú fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ wa, tó ń dán wa wò, CQC, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ilé ìtọ́jú, á wá yẹ ilé náà wò. Ìyàwó mi ń ṣe é ní…

Ọmọ Ìjẹ̀bú Maryland: Bọ̀dá, Texas là ń sọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Dallas: Ní assisted living níbí, òṣìṣẹ́ lásán lè rán àgbà létí, kó bá a ṣí ìgò, kí àgbà náà fọwọ́ ara rẹ̀ lò ó. Ṣùgbọ́n tó bá di pé ẹ̀yin lẹ fún un, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí kẹ́ ẹ ní páàmíìtì, tàbí kí RN (Registered Nurse) fi iṣẹ́ náà lé yín lọ́wọ́. Ta ni RN yín?

Ìyá Ìbejì: Mo ṣì ń sọ ọ́, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Abíléko Houston: Àbúrò ọ̀gá ni nọ́ọ̀sì wa, LVN ni, nọ́ọ̀sì tí ipò rẹ̀ kéré sí ti RN. Orí WhatsApp ló ti máa ń sọ iye insulin, abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà ara wálẹ̀, tí n ó gún fún màmá kan. Ohun tó bá sọ ni mo máa ń ṣe. Àárọ̀ ọjọ́ tí màmá kọ oúnjẹ, iye tó sọ náà ni mo gún, ẹ̀bi mi kọ́ ni ṣúgà wọn fi lọ sílẹ̀. Wọ́n ti ti ọsibítù dé, ara wọn ti le. Ẹ dáhùn ìbéèrè mi nípa sátífíkéètì, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Maryland: Yéè! Abẹ́rẹ́ ṣáà! Ẹni tó ní páàmíìtì Texas gan-an ò gbọdọ̀ gún abẹ́rẹ́!

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Dallas: Òótọ́ ni nípa páàmíìtì. Àmọ́ ní assisted living, RN lè fi insulin léèyàn lọ́wọ́, bó bá ti kọ́ onítọ̀hún, tó wò ó bó ṣe ń ṣe é, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àgbà yẹn gan-an. LVN ò láṣẹ láti fi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti Maryland. Ṣé ará ìjọba ti wá síbẹ̀?

Abíléko Houston: Ọmọ màmá ló fẹjọ́ sùn. Wọ́n wá lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá ti fún mi níwèé kan, ó ní tí mo bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì, òun á dá wákàtí iṣẹ́ mi padà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo pinnu láti gún un, nítorí pé mo fi sátífíkéètì hàn wọ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Maryland: Ẹ má fọwọ́ sí i!!!

Ìyá Ìbejì: Ẹ má dán an wò o, ẹ̀gbọ́n.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Dallas: Ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan kí agbẹjọ́rò tó kà á. Tí ìjọba bá sọ pé ẹ fi àgbà sínú ewu, orúkọ yín lè wọ Employee Misconduct Registry, ìwé tí ìjọba Texas ń kọ orúkọ òṣìṣẹ́ tó hùwà àìtọ́ sí. Gbogbo ilé ìtọ́jú ní Texas ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbani síṣẹ́, wọn ò sì lè gba ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀. Tí lẹ́tà bá dé, ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè ìgbẹ́jọ́, ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá á wà lára lẹ́tà náà. Níbo ni àwọn mẹ́sẹ́ẹ̀jì WhatsApp yẹn wà?

Abíléko Houston: Wọ́n wà lórí fóònù. Ṣùgbọ́n fóònù ibi iṣẹ́ ni, ọ̀gá sì ti ní kí n dá a padà lọ́la.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Dallas: Ẹ pe agbẹjọ́rò òwúrọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ tó gbé fóònù náà kalẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún un pé àwọn mẹ́sẹ́ẹ̀jì wà nínú rẹ̀. Ẹ má pa ọ̀kankan rẹ́. Ẹ má sì fi wọ́n ránṣẹ́ síbí o, orúkọ màmá wà nínú wọn.