Dókítà wo ni ká gbé ọrùn màmá mi lé lọ́wọ́?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Gẹ̀gẹ̀ ọrùn màmá mi ti ń di ọ̀nà ọ̀fun wọn, iyán pàápàá ò fẹ́ẹ́ lọ mọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Dókítà méjì ni wọ́n júwe fún wa. Èkíní jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, oyè ẹ̀yìn orúkọ wọn gùn ju orúkọ náà lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ìwádìí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmú àti ìfun ló kún ibẹ̀. Èkejì ò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìwádìí wọn ò ju márùn-ún lọ, gbogbo rẹ̀ ló dá lórí gẹ̀gẹ̀. Bọ̀dá mi ní ọ̀jọ̀gbọ́n la máa lò, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò ṣe kọ́kọ́ wá àgbo?

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́. Iyán ò lọ mọ́, ẹ ń pe àgbo!
Àǹtí, FWACS tàbí FMCS lẹ́yìn orúkọ fi hàn pé ẹni náà kọ́ṣẹ́ abẹ yege. Kò sọ pé ọrùn ló ń ṣí. Ẹ bi àwọn méjèèjì pé gẹ̀gẹ̀ mélòó ni wọ́n yọ lọ́dún tó kọjá. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2017, ó wo aláìsàn tó lé ní 16,000: ewu dín kù lọ́wọ́ dókítà tó ń ṣe ju 25 lọ lọ́dún. Ẹ̀yìn táírọ́ìdì, ìyẹn ẹ̀yà ara iwájú ọrùn tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, ni iṣan tó ń darí ohùn gbà kọjá, àwọn nǹkan kéékèèké mẹ́rin bí hóró ìrẹsì tó ń darí kálísíọ̀mù sì máa ń lẹ̀ mọ́ táírọ́ìdì náà. Bí wọ́n bá ṣèèṣì yọ ìyẹn mọ́ ọn, kálísíọ̀mù á wálẹ̀, ìka á máa ta rìnrìn.

Alàgbà Akin: Ẹ má fojú di ìwé o. Kocher, dókítà oníṣẹ́ abẹ ti Switzerland, ló tọpa àwọn tó ti ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ní 1883 ló kéde pé àwọn tóun yọ táírọ́ìdì wọn tán ti wú lójú, ọpọlọ wọn ò já fáfá mọ́. Ó jáwọ́ nínú yíyọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1909. Lónìí oògùn wà tí ẹni tí wọ́n bá yọ gbogbo táírọ́ìdì rẹ̀ á máa lò lójoojúmọ́. Ẹ béèrè bóyá aláìsàn tiwọn fúnra wọn ni ìwádìí márùn-ún yẹn dá lé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Lẹ́yìn tèmi, ohùn mi há fún oṣù méjì, mi ò lè kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó kì mí nílọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ọ̀nà ohùn màmá wò kí wọ́n tó wọ tíátà.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pè wọ́n. Èkejì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wọn: 41 lọ́dún tó kọjá, ohùn méjì há, àwọn méjèèjì ti padà bọ̀ sípò. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọrùn mọ́, ọ̀dọ̀ èkejì yẹn gan-an làwọn ń darí wọn sí. Bọ̀dá mi ò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀.