Búrẹ́dì Ítálì tí mò ń ṣe nílé kì í dúró mọ́ nínú ooru Àbújá yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Kubwa ni mò ń gbé. Búrẹ́dì àwọn ará Ítálì ni mò ń ṣe, èyí tí èèpo rẹ̀ máa ń le tí inú rẹ̀ sì máa ń rọ̀. Fúláwà búrẹ́dì gíráàmù 500, omi mílílítà 350, yíìsì gíráàmù 7, iyọ̀ gíráàmù 10, òróró ólífì ṣíbí méjì. Ìlànà tí mò ń tẹ̀ lé ní kó wú fún wákàtí méjì. Láti ìgbà tí ooru ti dé, kì í pé wákàtí kan tó fi ń kún abọ́ dé ẹnu. Tí mo bá gbé e sórí páànù báyìí, ńṣe ló máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Kì í gbéra nínú ófúnù mọ́, èèpo rẹ̀ kì í pọ́n, á sì máa rùn bí ọtí. Ṣé yíìsì ni àbí fúláwà?

Ìyá Ìbejì, Gwarinpa: Àbúrò, kò sí nǹkan tó ṣe yíìsì rẹ. Ooru ló ń lé e sáré. Ilé ìdáná tí ooru rẹ̀ ò ju dígíìrì 24 lọ ni wọ́n kọ ìlànà yẹn fún. Nínú ooru tiwa, yíìsì á ti jẹ ṣúgà inú fúláwà tán kó o tó tan ófúnù, ìdí nìyẹn tí èèpo ò fi pọ́n. Dín yíìsì kù sí gíráàmù 3, omi tútù ni kó o fi pò ó. Má wo aago. Tó bá ti wú tó ìlọ́po méjì, ki ìka bọ fúláwà, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Tí ojú ibẹ̀ bá rọra ń padà, ó ti tó yan. Tí kò bá padà rárá, ó ti kọjá.

Alásè kan, Kaduna: Òótọ́ lẹ sọ, ma. Àmọ́ àǹtí, ẹ má yọ iyọ̀ kúrò o. Ní Toscana, agbègbè kan ní Ítálì, wọn kì í fi iyọ̀ sí búrẹ́dì wọn, ṣùgbọ́n iyọ̀ ló ń kó yíìsì níjàánu, a sì nílò rẹ̀ gidi nínú ooru yìí. Tèmi, inú fìríìjì ló máa ń sùn mọ́jú. Adùn rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ẹ tan ófúnù sílẹ̀ dáadáa, kó gbóná tó dígíìrì 220, kẹ́ ẹ sì gbé abọ́ irin tó ní omi gbígbóná sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ooru omi yẹn ni kì í jẹ́ kí èèpo tètè gan kí búrẹ́dì tó wú tán.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an, mà, ẹ ṣé, sà. Iná wa kì í dúró mọ́jú ni ìṣòro fìríìjì.

Ìyá Ìbejì, Gwarinpa: Kúlà tó ní yìnyín á ṣe é. Abọ́ tó ní ìdérí ni kó o kó o sí, kí omi yìnyín má kàn án. Fi òróró pa ojú rẹ̀ kó má gbẹ. Tílẹ̀ bá mọ́, gbé e síta kó yọ́ra díẹ̀, kó o tó gé e.