Ìbéèrè: Kí ló dé tí a kò fi lè wá ìyára pátákó onígbòkun lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́?

Ọmọ Ọ̀sà (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Mo ra pátákó onígbòkun àlòkù kan ní Kutọnú, irú èyí tí a máa ń dúró lé lórí, tí a ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìgbòkun rẹ̀ mú kí afẹ́fẹ́ lè gbé wa lọ. Ọ̀sán ni mo máa ń gbé e wọ ọ̀sà, nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun bá ti dé. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo wé fóònù mi sínú ọ̀rá, mo so ó mọ́ apá, mo sì jẹ́ kí GPS inú rẹ̀ máa ka ìyára mi. Nígbà tí mo padà dé èbúté, 61 nọ́ọ̀tì ni mo bá lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan jẹ́ kìlómítà 1.852 ní wákàtí, èyí tó túmọ̀ sí pé mo ti sáré ju kìlómítà 110 lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo kà ni pé 53.27 nọ́ọ̀tì ni Antoine Albeau, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi gba ipò kìíní láàárín àwọn onípátákó ní 2015. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí zẹ́mìjàn kan, ìyẹn alùpùpù akérò, ń lọ ní etí ọ̀sà lọ́jọ́ náà, n kò sì lè bá a. Ṣùgbọ́n ibo ni irọ́ náà gbà wọlé?

Ohun kejì tí mo fẹ́ béèrè ni pé Lüderitz ní Nàmíbíà ni Albeau lọ. Ṣé omi tiwa kò tẹ́jú tó ni?

Ọmọ Alákétu (Kétu)

Àbúrò, inú mi dùn pé fóònù náà kò bá omi lọ. Ó dá mi lójú pé o ṣubú lọ́jọ́ náà. Nígbà tí o ṣubú, apá rẹ wọ inú omi, fóònù kò sì rí sátẹ́láìtì mọ́. Nígbà tí o jáde, ó wá ibi tí o wà lákọ̀tun, ó ṣì í díẹ̀, ó sì gbà pé ńṣe ni o fò láti ibi àkọ́kọ́ dé ibi kejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fífò tí ẹnikẹ́ni kò fò yẹn ló pè ní 61.

Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tó ń ṣe àkóso wíwọn ìyára onígbòkun láti 1972, ìyẹn World Sailing Speed Record Council, kì í wo ibi tí ìyára ga dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á wọn mítà 500, wọ́n á sì pín in fún àkókò tí ènìyàn fi là á já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyára Albeau túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú àáyá 18 àti díẹ̀ ló fi parí rẹ̀, láìṣubú, láìdẹ ọwọ́.

Ní ti omi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Omi tó tẹ́jú lójú ẹni tó dúró sí èbúté kò tẹ́jú lábẹ́ pátákó. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń rìn jìnnà tó lórí omi ni ìgbì ṣe ń ga tó, ọ̀sà wa sì fẹ̀ débi pé afẹ́fẹ́ ọ̀sán ti fọ́ ojú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Lórí ìgbì kéékèèké bẹ́ẹ̀, pátákó tí kò fẹ̀ ju ìbùsẹ̀ kan àti díẹ̀ lọ yóò máa ta, lẹbẹ abẹ́ rẹ̀ yóò sì máa já kúrò nínú omi. Ní Lüderitz, ńṣe ni wọ́n gbẹ́ odò tóóró kan sí etí òkun fún iṣẹ́ yìí nìkan. Afẹ́fẹ́ líle ń gba orí iyanrìn kọjá, á já sórí omi tí kò fẹ̀, kò sì ní àyè láti gbé ìgbì kankan dìde. Wọ́n tún dojú odò náà kọ ibi tí afẹ́fẹ́ yóò ti máa bọ̀ láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n tí yóò yà sí ẹ̀gbẹ́. Aṣálẹ̀ tó gbóná àti òkun tó tutù níbẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́ náà, ó sì máa ń ju 40 nọ́ọ̀tì lọ lọ́jọ́ tó bá le.

Ọgbọ́n odò gbígbẹ́ yìí ti pẹ́. Ní 1986, Pascal Maka sáré 38.86 nọ́ọ̀tì ní erékùṣù Fuerteventura, ó sì fi pátákó lásán borí Crossbow II, ọkọ̀ ńlá tó ti di ipò náà mú láti 1980 pẹ̀lú 36 nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbẹ́ odò kan sí Saintes-Maries-de-la-Mer ní gúúsù Faransé. Níbẹ̀ ni Thierry Bielak ti dé 45.34 ní 1993, tí Finian Maynard dé 48.70 ní 2005, tí Albeau fúnra rẹ̀ sì dé 49.09 ní 2008. Ní tèmi o, àwọn tó di ṣọ́bìrì mú yẹ kí wọ́n gbà nínú oríyìn náà.

Ìyá Àdùkẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ẹ má bínú sí àìmọ̀kan mi. Ìlú àpáta ni mo wà, a kò ní ọ̀sà. Bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń ti ènìyàn, báwo ni yóò ṣe sáré ju afẹ́fẹ́ lọ? Ẹ sì jọ̀wọ́, ṣé àwọn obìnrin wà nínú rẹ̀?

Ọmọ Alákétu (Kétu)

Ẹ ṣé, mà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn gan-an wá, òótọ́ ni pé ẹ kò lè yá jù ú lọ, nítorí ní kété tí ẹ bá bá a dọ́gba ni ìgbòkun yóò rọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí kóró àgbálùmọ̀: bí ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, yóò fò jáde ju bí ìka yín ṣe yá tó lọ. Afẹ́fẹ́ ń tẹ ìgbòkun láti ẹ̀gbẹ́ kan, omi ń di lẹbẹ mú láti ẹ̀gbẹ́ kejì, pátákó kò sì ní ibòmíràn tí yóò gbà àfi iwájú. Bí ó sì ṣe ń yá sí i ni ìrìn rẹ̀ ń dá afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó gun zẹ́mìjàn lọ́jọ́ tí ewé kankan kò mì, síbẹ̀ tó ń fi ọwọ́ di fìlà mú.

Omi ló ń fi òpin sí i. Nígbà tí ìyára bá ti ń kọjá 50, omi tó ń gba ẹ̀gbẹ́ lẹbẹ kọjá á fà débi pé yóò máa hó láìgbóná, lẹbẹ kò sì ní rí ohun tí yóò dì mú. Paul Larsen, awakọ̀ onígbòkun kan, gba ọ̀nà mìíràn: ó ṣe lẹbẹ tó fara mọ́ híhó omi yẹn, ọkọ̀ rẹ̀, Vestas Sailrocket 2, sì dé 65.45 nọ́ọ̀tì ní Walvis Bay ní Nàmíbíà ní oṣù kọkànlá 2012. Ọkọ̀ nìyẹn, kì í ṣe pátákó.

Obìnrin wà níbẹ̀ dáadáa. Zara Davis, ará Ìlú Ọba, dé 45.83 ní Lüderitz ní 2012, àwọn mìíràn sì ti kọjá ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fúyẹ́ máa ń wọ ẹ̀wù tó wúwo kí ìgbòkun má baà gbé e. Ní ti Albeau, ènìyàn sìgbọnlẹ̀ ni.

Bàbá Etí Ọ̀sà (Àjàṣẹ́)

Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n rẹ ti sọ̀rọ̀ nípa ìgbì, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu kan akaja. Àwọn ẹ̀ka igi tí a rì sínú ọ̀sà kí ẹja lè sá sí abẹ́ wọn kì í hàn tán nígbà tí omi bá kún, ẹ̀ka kan ṣoṣo sì tó láti ya lẹbẹ rẹ kúrò nídìí. Má sì ṣe dúró de ìjì tó máa ń ṣáájú òjò nítorí pé ó le. Kì í pẹ́, kì í gba ojú kan wá, mo sì ti rí ọkọ̀ tó dojú dé nínú rẹ̀ nígbà tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń tú okùn ìgbòkun lọ́wọ́. Bí o bá fẹ́ mọ bí o ṣe yá tó, ri òpó méjì sí etí omi níbi tí kò sí akaja.

Ọmọ Ọ̀sà (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni, mo ṣubú ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà. Lánàá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fi okùn oní-mítà 50 wọn ìgbà mẹ́wàá ní etí omi, a ri ọ̀pá oparun sí ìpẹ̀kun méjèèjì, ó sì dúró síbi kejì pẹ̀lú aago. Ìṣẹ́jú àáyá 58 ni mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí iyanrìn: 16.76 nọ́ọ̀tì, ìyẹn kìlómítà 31 ní wákàtí. Mo ti pa 61 rẹ́ kúrò nínú fóònù. Ọ̀pá oparun náà ṣì wà níbẹ̀, a ó tún lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta bí afẹ́fẹ́ bá dé.