Àbọ̀ ìrìn wa sí Anstruther
Ẹ kú àdúrótì o. Mo bèèrè lọ́jọ́sí ohun tí ọmọdé lè fi najú ní Anstruther, ìlú apẹja etí òkun Fife ní Scotland. A ti lọ, a ti bọ̀. Scottish Fisheries Museum (ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ẹja pípa) tẹ́ ẹ júwe dáa, láti 1969 ni wọ́n ti ṣí i, ṣùgbọ́n erékùṣù Isle of May ló gba àwọn ọmọ mi lọ́kàn. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wa débẹ̀ láti èbúté. Ẹyẹ puffin kún ilẹ̀, àgógó ẹnu wọn pupa fòò, ẹja wẹ́wẹ́ há a, wọ́n ń sáré wọnú ihò lọ bọ́ ọmọ. Ẹ tètè lọ kí oṣù kẹjọ tó dé o, torí ọ̀pọ̀ wọn á ti padà sójú agbami. Ẹja díndín àti ọ̀dùnkún ńkọ́? Ó dùn, àmọ́ ẹyẹ òkun já ti àkọ́bí mi gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ (olè ọ̀sán gangan!). Mo ti rí ìdáhùn mi, mo pa á dé síbí.