Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá géèmù ṣe, kí lojú yín ti rí?

Kóòdù Òru
Ẹ kú alẹ́ o. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń dá géèmù kan ṣe nínú yàrá mi n'Íbàdàn, géèmù ọjà ni, èèyàn á máa ta gàrí ní Bódìjà, á máa ná owó pẹ̀lú oníbàárà. Èmi ni mò ń kọ kóòdù, èmi ni mò ń ya àwòrán, èmi náà ni mò ń wá orin sí i. Lónìí màmá mi bi mí pé ìgbà wo ni mo máa wáṣẹ́. Mi ò rí èsì fún wọn. Wọn ò fi bú mi o, ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n ń rí. Ẹ sọ tiyín fún mi jàre.

Ará Mushin
Iná. Mo ti parí ọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì
Èmi ò lè jókòó àfi táwọn ọmọ bá sùn, ìyẹn aago mẹ́wàá sí aago kan òru. Godot, ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ni mò ń lò torí ọ̀fẹ́ ni, láptọ́ọ̀pù mi ò sì lágbára. Ìgbà tí mo parí géèmù ìṣirò tí mo ṣe fọ́mọdé, mo rò pé mo ti débi tí mò ń lọ, àṣé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì tara ẹ̀ lórí Google Play gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó èèyàn 12 jọ kí wọ́n bá a dán an wò fọ́jọ́ 14 láì já. Mo bẹ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo bẹ àwọn ìyá tá a jọ ń gbọ́mọ lọ síléèwé, mo bẹ ẹni tó ń ránṣọ fún mi. Ọjọ́ kẹsàn-án, arábìnrin kan lọ tẹ ibi tí wọ́n ti ń jáde kúrò nínú ẹ̀, ó lóun rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ariwo ẹ̀. Ó ku 11. Mo bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ kìíní. Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnnì, mi ò sọ̀rọ̀ fẹ́nikẹ́ni.

Àjànàkú
Pẹ̀lẹ́ ma. 20 ni nígbà tèmi o, December 2024 ni wọ́n tó dín in kù sí 12. Ẹ máa kó tó 18 pamọ́, ẹni tó bá yà lọ ò ní pa yín lára.

Ọmọ Ọlọ́pọ́n
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ayò ni mo ṣe, ayò ọlọ́pọ́n gan-an, ilé 12, ọmọ 48. Mo rò pé oṣù mẹ́ta ló máa gbà mí, ó gbà mí lọ́dún kan àtààbọ̀, torí kì í ṣe àwòrán ló le níbẹ̀, kọ̀ǹpútà tó máa bá èèyàn ta á ni. Ìgbà tí mo parí ẹ̀ mo gbé e lọ bá bàbá mi àgbà l'Óṣogbo, àwọn ni wọ́n kọ́ mi láyò. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ fóònù yẹn jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò. Wọ́n ta ọ̀pọ́n kìíní, wọ́n jẹ. Nínú ìkejì, ẹ̀rọ kó odù jọ, ọmọ 14 nínú ilé kan ṣoṣo, ó tú u. Bàbá dáwọ́ dúró. Wọ́n ní "Ẹni yìí ń ṣojóró." Mo ní bàbá, kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣojóró. Wọ́n ní "Wo ilé tó ti kó o. Kí lọmọ kan ń wá níbẹ̀?"

Mo wò ó. Òótọ́ ni! Tí odù bá yípo tó padà débi tí wọ́n ti kó o, ó yẹ kó fo ilé yẹn ni, kó máa lọ. Tèmi ń ju ọmọ kan sínú ẹ̀. Ìlà kan péré nínú kóòdù. Mi ò lè ka iye ìgbà tí èmi fúnra mi ti ta á, mi ò rí i rí. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù níwájú wọn, bátìrì ku 9%, mo tún un ṣe, mo gbé e padà sórí fóònù. Wọ́n tún ta á. Wọ́n ní "Ó ti ń gbọ́n."

Inú mọ́tò tó ń gbé mi padà lomi ti bọ́ lójú mi. Nínú gbogbo ọdún kan àtààbọ̀ yẹn, àwọn lẹ́ni àkọ́kọ́ tó wo iṣẹ́ mi débi ìdí ẹ̀.

Ará Mushin
"Kí lọmọ kan ń wá níbẹ̀." Ọlọ́run á dá ẹ̀mí bàbá sí fún wa.

Ìyá Ìbejì
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn mú mi lọ́kàn.

Ará Kétu
Ìtàn yìí dùn, àmọ́ mo ní ẹjọ́ kan. Lágboolé tiwa níbí, a kì í fo ilé yẹn o, ọmọ kan gbọ́dọ̀ bọ́ síbẹ̀. Ẹ̀rọ ò ṣojóró, ayò tiwa ló ń ta.

Àjànàkú
Háà, ọ̀gbẹ́ni, odù tí wọn ò fo ilé ẹ̀, ṣé ìyẹn náà ń jẹ́ odù?

Ará Kétu
Ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wá ta á pẹ̀lú àwọn àbúrò bàbá mi kó o rí i.

Ọmọ Ọlọ́pọ́n
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, mi ò mọ̀ rárá. Mo máa fi ibì kan síbẹ̀ téèyàn á ti yan bí wọ́n ṣe ń ta á nílé ẹ̀.

Àjànàkú
Má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Tó o bá ń fi ti gbogbo agboolé kún un, o ò ní parí ẹ̀ láéláé. Ìwọ nìkan lò ń ṣe é.

Ìyá Ìbejì
Kí lorúkọ ẹ̀ ká lọ wá a?

Ọmọ Ọlọ́pọ́n
"Ayò" lásán ni mo pè é, àṣìṣe ńlá. Téèyàn bá kọ ọ́ láìsí àmì, gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Ayọ̀ ló máa jáde. Mo fẹ́ yí i padà. Àmì yẹn náà fìyà jẹ mí nínú géèmù. Kọ̀ǹpútà ò ní ẹ́ tó dá dúró, ẹ ni wọ́n mú tí wọ́n wá gbé àmì lé lórí, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì sì ni àmì yẹn ń fò lọ sórí lẹ́tà kejì. Mẹ́jọ ni wọ́n, ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ pẹ̀lú àwọn ńlá wọn. Mo fọwọ́ ara mi ya mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Tisha Geemu
Sebi gbogbo wa la n ka Yoruba lai si ami. E fi iyen sile, e lo wa eni to maa ra a.

Ọmọ Ọlọ́pọ́n
Bíbélì nìkan ni bàbá mi àgbà ń kà. Bí wọ́n ṣe ń rí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n rí i nínú géèmù mi. Mi ò yọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Peckham
Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń gba $100 lórí géèmù kọ̀ọ̀kan, tí géèmù bá ti pa tó $1,000 wọ́n á dá a padà. Ìdá 30 nínú 100 ni wọ́n ń mú nínú ohun tó bá tà. Ẹni tó rà á sì lè gba owó ẹ̀ padà láàárín ọjọ́ 14 tí kò bá tíì ta á tó wákàtí méjì. Géèmù tèmi ò gùn tó wákàtí méjì. Àwọn kan parí ẹ̀, wọ́n kọ̀wé pé ó dùn, wọ́n gbowó wọn. Ó ká mi lára gan-an.

Kóòdù Òru
Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, nǹkan bí 460 ni dọ́là kan ní báńkì. Ní 2024 ó kọjá 1,500. $100 kan náà o! Mo ń kó o jọ, ó ń sá fún mi.

Àjànàkú
Ẹ tún gbàgbé owó orí. Kò sí àdéhùn owó orí láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà, ìdá 30 nínú ìpín tìẹ lára owó táwọn ará Amẹ́ríkà bá fi rà á ti lọ kó o tó fojú kàn án. Àwọn tó wà ní UK ò san ìyẹn.

Ará Mushin
Ẹ̀gbọ́n Peckham, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ jẹ́ ká forúkọ yín gbé e jáde.

Ẹ̀gbọ́n Peckham
Rárá o, àbúrò. Orúkọ mi lá wà níwájú ìjọba, mi ò lè fìyẹn ṣeré. Àmọ́ tó o bá fẹ́ kí n bá ẹ ka fọ́ọ̀mù owó orí náà, mo wà ńlẹ̀.

Tisha Geemu
E ma so ireti nu. Eric Barone da geemu oko kan, Stardew Valley, se fun odun merin ataabo, o jade ni 2016, gbogbo aye lo n ta a.

Ìyá Ìbejì
Kí ló dé tẹ́ ẹ kì í sọ ìyókù? Olólùfẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, òun náà ń mú èèyàn lọ síjòókòó wọn ní tíátà lálẹ́. Ẹnìkan ń gbọ́ bùkátà. Kóòdù Òru, màmá ẹ nìyẹn. Oúnjẹ ta ni ò ń jẹ látọdún kẹta? Lọ fi géèmù yẹn hàn wọ́n.

Kóòdù Òru
Mi ò tíì fi hàn wọ́n rí, òótọ́ ni. Ojú ń tì mí pé kò tíì parí.

Ọmọ Ọlọ́pọ́n
Lọ.

Kóòdù Òru
Mo ti dé. Wọ́n jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ta á fún bí ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ní ta ni obìnrin yìí, tó ń ta gàrí tí kò ní kóńgò, kí ló fi ń wọn gàrí? Ọdún mẹ́ta, mi ò ya kóńgò! Wọ́n ti lọ sùn. Iná ti lọ, mò ń fi bátìrì ya á báyìí.

Ará Mushin
Má gbàgbé èènì o.